Èèpo Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Tí Ìyá Àgbà Ṣà Lọ́tọ̀

                                                  Ojúlé Kejìlélógún,
                                                  Ọ̀nà Àpòmù,
                                                  Ìkirè,
                                                  Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.
                                                  Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kẹfà, Ọdún 2024.

Ẹ̀gbọ́n mi Àṣíáwù, ẹni tí mo lè sọ tinú mi fún,

Àsàláámù àlàékúmù. Ẹ kú òjò yìí o, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ. Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Bàbá Khalilullah ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́? Khalilullah fúnra rẹ̀ ńkọ́, ṣé ó ti ń fi ọwọ́ ọ̀tún jẹun báyìí, àbí ọwọ́ òsì ló ṣì ń fi ń bá ọbẹ̀ jà? Màmá wa ńkọ́? Ẹ bá mi sọ fún wọn pé èlùbọ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti Ṣakí dé ọwọ́ mi, kò sì tutù lọ́nà. Ní tèmi, ara mi le, Àlìhámúdùlílàhì. Ọkàn mi ni kò le, òun ni mo ṣe jókòó láti kọ lẹ́tà yìí.

Mo mọ̀ pé ẹ ó ní kí ló ṣe fóònù. Fóònù wà lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n bí mo bá pè yín, ẹ ó kàn bi mí pé, "Qaosarat, ta ló ṣe ọ́?" n ó sì bú sẹ́kún. Nínú ìwé, mo lè sọ ọ́ dé ìdí. Kò sẹ́ni tó ṣe mí, Ẹ̀gbọ́n mi. Èmi ni mo ṣe ènìyàn.

Ó di oṣù kẹsàn-án báyìí tí mo ti dé Ìkirè, n kò sì tíì ní ẹni kan tí mo lè pè ní ọ̀rẹ́. Kì í ṣe pé àwọn ará ìlú yìí burú. Wọ́n ń kí ènìyàn, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín síni. Ṣùgbọ́n ìkíni wọn máa ń gùn fún ara wọn, ó máa ń kúrú fún àlejò. Bí èmi àti ọmọ ìlú bá jọ kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù kan, wọn a bi òun léèrè bàbá rẹ̀, ìyá rẹ̀ àti ewúrẹ́ wọn tó bímọ. Wọn a wá yíjú sí mi, wọn a ní, "Ẹ káàsán o, àǹtí." Ó parí síbẹ̀. Ẹ sì mọ̀ mí, n kì í lè bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Wọ́n ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi í ríran. N kò gbà. Àlejò tí kò rí ẹni bá sọ̀rọ̀, kí ni iṣẹ́ rẹ̀ ju pé kó máa wò lọ? Mo wò tó, Ẹ̀gbọ́n mi. Wíwò yẹn náà ló kó bá mi.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé iṣẹ́ tí à ń ṣe ní ilé-ẹ̀kọ́ wa níbí, kí ọ̀rọ̀ mi lè yé yín. Bí a bá se èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí èèpo ẹ̀gẹ́, tí a lọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ omi, tí a sì da ìwúkàrà sí i, ìwúkàrà yẹn yóò máa jẹ ṣúgà inú rẹ̀, yóò sì máa sọ ọ́ di ọtí. Kì í ṣe ọtí mímu o, ẹ má tíì ké sí Àlùfáà. Ọtí tí ń jó bíi kẹrosíìnì ni, ẹ́tánọ́ọ̀lù ni wọ́n ń pè é, mọ́tò lè fi rìn. Iṣẹ́ tèmi gan-an ni ìṣirò rẹ̀. A ó jókòó ti kọ̀ǹpútà, a ó kọ ìṣirò tí yóò sọ iye ọtí tí yóò wà nínú ìgò ní wákàtí kẹfà, ní wákàtí kejìlá, títí dé ọjọ́ kẹta, kí ohunkóhun tó ṣẹlẹ̀ nínú ìgò. Lẹ́yìn náà a ó wọn ti inú ìgò, a ó fi wé ti inú ìwé. Lórí bébà, ohun tí a wọ̀n yóò dà bí èso tí wọ́n fọ́n sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìṣirò wa yóò sì jẹ́ ìlà kan. Bí ìlà náà bá gba inú wọn kọjá bí òwú tó gba inú ìlẹ̀kẹ̀, ìṣirò jóòótọ́. Bí ó bá yà kúrò lára wọn, kí ènìyàn tún padà sídìí ìwé ni.

Àwa méjì ni Dókítà Olúrótìmí, olùkọ́ wa, gbé iṣẹ́ yìí fún. Ó fún èmi ní èèpo ẹ̀gẹ́, mo sì ń lọ kó o lọ́dọ̀ àwọn tó ń yan gaàrí ní Àpòmù. Ó fún ẹnì kejì mi, Ìfẹ́olúwapọ̀, ní èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, nítorí ìlú dòdò ni Ìkirè. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n kọjá ààlà, tí èèpo rẹ̀ ti dúdú, ni wọ́n fi ń dín dòdò wọn níbí, ṣúgà sì máa ń kún inú èèpo bẹ́ẹ̀. Dókítà sọ fún wa láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ẹnì kan ṣoṣo ni òun lè mú lọ sí ilé-iṣẹ́ ìwádìí kan ní Ìbàdàn fún odindi ọdún kan. Ó ní ẹni tí ìṣirò rẹ̀ bá bá àgbá ńlá mu, kì í ṣe ìgò kékeré, ni òun yóò mú. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé láti ilé-ìwé girama ni mo ti ń wá irú ààyè bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ ẹ débi pé n kò lè wo Ìfẹ́olúwapọ̀ lójú fún ìṣẹ́jú kan.

Ọmọ ìlú yìí ni Ìfẹ́olúwapọ̀, ọmọ ìjọ Aládùúrà ni. Kò ga, kò sì rẹwà tó bí àwọn ènìyàn ṣe ń ṣe sí i. (Ẹ má rẹ́rìn-ín, owú ló ń kọ ìyẹn.) Bí ó bá pẹ́ dé lábù, Alàgbà Othniel tí ń tọ́jú lábù a fi oríkì pè é, wọn a ní, "Àdùkẹ́, ṣé òjò ló dá ọ dúró ni?" bẹ́ẹ̀ oòrùn ń ràn yòò. Bí èmi bá fi ìṣẹ́jú márùn-ún pẹ́, wọn a na ìwé sí mi kí n kọ aago tí mo dé. Bí ó bá fọ́ ìgò, ẹ̀rín ni. Èmi kò fọ́ ìgò kankan rí, kò sì sẹ́ni tó kíyè sí i. Èyí tó tún burú jù ni pé ó ń ṣe dáadáa sí mi. Ó máa ń bu dòdò wá fún mi nínú ike. N ó jẹ ẹ́, yóò dùn, inú mi yóò sì tún bàjẹ́ sí i. Wọ́n ní òjòwú kò lẹ́ran láyà. Mo ti rù, Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ó rí i bí mo bá dé.

Ní oṣù kẹta ọdún yìí, àwa méjèèjì fi iṣẹ́ wa han gbogbo ẹ̀ka. Ìlà Ìfẹ́olúwapọ̀ gba inú gbogbo ohun tí ó wọ̀n kọjá, ẹyọ kan kò ṣẹ́ kù sẹ́yìn. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Nígbà tí ó kan èmi, ìlà mi ń lọ sí Gbọ̀ngán, ohun tí mo wọ̀n ń lọ sí Wásinmi. Dókítà ní, "Qaosarat, ìṣirò rẹ dára gan-an, ìgò ni kò gbọ́ ohun tí o wí." Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo délé, mo tún ìṣirò náà yẹ̀ wò láti òkè délẹ̀, n kò rí àṣìṣe kankan níbẹ̀.

Ní oṣù tó kọjá ni ibà gbé Ìfẹ́olúwapọ̀ dè. Ó pè mí pé kí n jọ̀ọ́, kí n bá òun gba èèpo lọ́dọ̀ ìyá ìyá òun, kí iṣẹ́ òun má bàa dúró. Ìyá Àgbà yìí ń dín dòdò láti ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò lè rántí mọ́. Òun ló máa ń fi àpò èèpo rán ọlọ́kadà sí lábù ní àràárọ̀, Ìfẹ́olúwapọ̀ a kàn gbà á, a dà á sínú ẹ̀rọ. Kò ní ìdí tí yóò fi béèrè bí ó ṣe dé ibẹ̀.

Mo dé àgbàlá wọn. Àwọn àpò èèpo kan wà lẹ́bàá ògiri, wọ́n ga tó mi, eṣinṣin bò wọ́n, òórùn kíkan ń jáde lára wọn. Mo bẹ̀rẹ̀ láti gbé ọ̀kan. Ìyá Àgbà pariwo mọ́ mi.

"Há! Fi ìyẹn sílẹ̀, ọmọ Ṣakí! Ti ewúrẹ́ nìyẹn, láti ọjọ́ márùn-ún ló ti wà níbẹ̀. Ti ọmọ mi nìyí."

Ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ni agbọ̀n kan wà, wọ́n fi ewé tútù bò ó. Ìyá Àgbà ṣí i. Èèpo inú rẹ̀ mọ́, ó ń dán, wọ́n tò ó bí aṣọ inú àpótí. Wọ́n ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni àwọn bó o, àti pé ọ̀kọ̀ọ̀kan ni àwọn fi ọwọ́ ṣà á.

"Èyí tó bá lẹ́gbò, mo máa ń jù ú sí ti ewúrẹ́ ni. Ṣé èèpo tó ti kan ni n ó wá fún ọmọ mi kó fi kàwé?"

Ẹ̀gbọ́n mi, n kò ní purọ́ fún yín, ìṣirò kọ́ ló kọ́kọ́ wá sí ọkàn mi. Ohun tó kọ́kọ́ wá ni pé èèpo pàápàá, ohun tí ènìyàn ń dà nù, wọ́n ń ṣà á fún un. Ta ló ń ṣa nǹkan fún mi níbí? Lẹ́yìn ìyẹn ni ojú mi wá là. Ìwúkàrà wà nínú afẹ́fẹ́, gbogbo ọjọ́ tí èèpo bá fi wà nínú àpò ló fi ń jẹ ṣúgà rẹ̀ kí àwa tó fọwọ́ kàn án. Ìyẹn ni pé ìṣirò Ìfẹ́olúwapọ̀ jóòótọ́ fún agbọ̀n kan ṣoṣo ní gbogbo Ìkirè. Ó sì yé mi ìdí tí tèmi fi ń yà. Ìyá Sàídì tó ń fún mi ní èèpo ẹ̀gẹ́ ní Àpòmù kì í ṣa nǹkan kan. Wọn a kàn fi ṣọ́bìrì kó ti òní àti ti ọjà tó kọjá pọ̀, wọn a dà á sínú àpò mi, wọn a ní, "Gba, ọmọ Ṣakí. Ṣé wọn kì í jẹ ẹ̀gẹ́ nílé yín ni, tí o fi ń tọrọ èèpo kiri?" Bí ọjọ́ orí èèpo bá ń yàtọ̀ lójoojúmọ́, báwo ni ìlà kan yóò ṣe gba inú wọn?

Mo bu ẹ̀kún ọwọ́ méjì nínú èèpo ewúrẹ́ yẹn. Ìyá Àgbà bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi ṣe. Mo ní mo kàn fẹ́ wò ó ni, mà. Mo gbé méjèèjì dé lábù, mo kó wọn sí ìgò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Lọ́jọ́ kẹta, ọtí inú ti ewúrẹ́ kò tó ìdajì ti inú agbọ̀n. Mo padà sí ìṣirò mi, mo fi lẹ́tà kan ṣoṣo kún un, lẹ́tà tó dúró fún iye ọjọ́ tí èèpo ti lò nínú àpò. Mo fi ọjọ́ ọjà Àpòmù ka iye ọjọ́ náà, mo tún gbogbo iṣẹ́ oṣù méje mi fi sí i. Ìlà náà gba inú wọn kọjá. Mo fò sókè nínú yàrá, mo wá rántí pé n kò ní ẹni tí mo máa sọ fún.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ nìyí. Ó yẹ kí n sọ fún Dókítà lọ́jọ́ kejì. Ṣùgbọ́n ó ti ṣètò pé ní ọjọ́ kẹrin oṣù yìí, a ó kó èèpo jọ láti àgbàlá àwọn aládòdò méje, a ó dà á sínú àgbá ńlá, a ó sì fi ìṣirò Ìfẹ́olúwapọ̀ sọ ohun tí yóò jáde. Mo mọ̀ pé àgbá yẹn yóò dójú tì í. Mo fẹ́ kí ó dójú tì í ná, kí èmi tó dìde. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi pa á mọ́ sínú. Ìfẹ́olúwapọ̀ sì wá jókòó tì mí lọ́jọ́ kan, ó na ìwé rẹ̀ sí mi, ó ní, "Bá mi wò ó, ojú tìẹ mú ju tèmi lọ." Mo yẹ̀ ẹ́ wò láti òkè délẹ̀. Mo ní, "Ó dára."

Ọjọ́ Ẹtì tó kọjá yìí ni a ṣí àgbá náà. Àwọn aládòdò méjèèje wá, Ìyá Àgbà wà lára wọn, wọ́n jókòó lórí àga, wọ́n wọ aṣọ òde, nítorí èèpo wọn ni. Ìṣirò Ìfẹ́olúwapọ̀ ti wí pé bí a bá dáná sí i tán, tí a gba oru rẹ̀, a ó rí lítà mẹ́wàá. Lítà mẹ́rin ni a rí. Alàgbà Othniel tún un wọ̀n, mẹ́rin ni. Ìfẹ́olúwapọ̀ di ìwé rẹ̀ mú bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀. Inú mi dùn, Ẹ̀gbọ́n mi. Ó dùn bí oyin. N kò sì mọ ìgbà tí Dókítà béèrè pé ta ló lè sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, tí èmi, èmi tí n kì í dáhùn ní kíláàsì, fi na ọwọ́ sókè.

Mo lọ sí iwájú pátákó, mo kọ ọ́, mo sì ṣàlàyé rẹ̀. Mo bi àwọn ìyá léèrè ọjọ́ tí àpò kọ̀ọ̀kan ti lò, mo fi í sí i, ìṣirò mi mú lítà mẹ́rin àti díẹ̀ jáde. Alàgbà Othniel ní, "Ọmọ yìí máa ń sọ̀rọ̀ kẹ̀!" Àwọn ìyá bú sẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Ìfẹ́olúwapọ̀ náà pàtẹ́wọ́, pẹ̀lú omi lójú rẹ̀. Ó tilẹ̀ ní, "O ṣeun."

Ìgbà náà ni Ìyá Àgbà dá sí i. Wọn kò ní ibi kankan lọ́kàn, inú wọn dùn pé àwọn náà mọ̀ nípa rẹ̀ ni. "Àṣé nítorí rẹ̀ lo ṣe bu èèpo ewúrẹ́ lọ nílé mi níjọ́sí!"

Dókítà ní, "Níjọ́sí wo, Ìyá?"

"Ìgbà tí ibà ń ṣe ọmọ mi. Ó ti ń lọ sí oṣù kan."

Ojú gbogbo ènìyàn yí sí mi. Dókítà bi mí bóyá mo ti mọ̀ kí a tó kó èèpo sínú àgbá. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ìfẹ́olúwapọ̀ kò pariwo. Ó kàn wò mí, ó ní, "'Ó dára' lo wí fún mi o."

Dókítà tún wo pátákó. Ó ní ìṣirò mi ló jóòótọ́, nítorí náà èmi ni yóò mú lọ sí Ìbàdàn, torí òun kò lè fi inúbíni mú ìṣirò tó yà. Ṣùgbọ́n ó ní àwọn ìyá wọ̀nyí ru èèpo wá láti ilé wọn, ó sì yẹ kí n bẹ̀ wọ́n níbẹ̀. Mo kúnlẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Dìde, ọmọ mi, èèpo náà ni." Ìyá Àgbà gbé ìborùn wọn, wọ́n lọ.

Lánàá, mo lọ sí ilé Ìfẹ́olúwapọ̀. Ìta ló wà, ó ń fọ aṣọ. Ó ní kí n jókòó, n kò jókòó. Ó béèrè bóyá òun ṣẹ̀ mí rí. Mo ní rárá. Ó ní kí ló wá dé? Mo ní owú ni.

"Owú kí ni?" Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ bí ẹni pé ẹlòmíràn ni mo ń bá wí. "Ṣé o rí ilé wa ni? Èèyàn mẹ́sàn-án ló wà ní yàrá mẹ́ta."

Mo ní, "Wọ́n fẹ́ràn rẹ." N kò mọ bí mo ṣe sọ ọ́ jáde.

Ó fún aṣọ kan, ó sá a, ó fún òmíràn. Lẹ́yìn náà ó ní, "Mi ò tíì dárí jì ọ́ o, Qaosarat, má tan ara rẹ jẹ. Inú ń bí mi débi pé mi ò jẹun lánàá. Ṣùgbọ́n bí mo bá gba àpò yẹn fún ọdún mẹ́wàá, mi ò lè rí ohun tí o rí. Iṣẹ́ yẹn, ìwọ lo mọ̀ ọ́n ṣe. Lọ ṣe é, kí o sì ṣe é dáadáa."

Mo rìn padà sílé ní ẹsẹ̀, n kò wọ ọ̀kadà. Mo ti ń rò ó láti ìgbà náà. Bó bá jẹ́ èmi ni wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ sí, tí n kò sì tíì dárí jini, ṣé mo lè la ẹnu kí n sọ fún ẹni náà pé òun ló mọ iṣẹ́ ṣe? N kò lè sọ ọ́. Ó lè di ọ̀la, n kò ní lè sọ ọ́.

Mo gba ààyè náà, Ẹ̀gbọ́n mi. Lẹ́yìn Iléyá ni n ó lọ sí Ìbàdàn. Ẹ bá mi sọ fún Màmá pé mo rí i gbà, wọn yóò yọ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n yọ̀. Èyí tó kù, ẹ jẹ́ kó wà láàárín wa títí n ó fi dé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ìnṣà Àláhù, kí ẹ wá bá mi wí lójúkojú. Ẹ bá mi kí Bàbá Khalilullah, ẹ bá mi gbá Khalilullah mọ́ra, ẹ kí Ràhmọ̀t tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ yín, kí ó má fi abẹ́rẹ́ gún ọwọ́ mọ́. Ẹ sì fi mí sínú àdúrà nígbà tí ẹ bá ń kírun. Ẹ má tọrọ pé kí n ṣàṣeyọrí, mo ti ṣe é. Mo ti gba ohun tí Ìfẹ́olúwapọ̀ ń wá mọ́ ọn lọ́wọ́, síbẹ̀ òun ni mo ṣì ń jowú.

                                                  Èmi ni tiyín, bí mo ṣe rí gan-an,
                                                  Qaosarat.